Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Arthur Lydiard, Òṣìṣẹ́ Bàtà Tó Kọ́ Ayé Ní Eré Ọ̀nà Jíjìn

Oṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó àti onídùúró ni a kọ́. Ti oṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ eré sísá ni. Ẹnì kan tilẹ̀ ti bi akọ̀wé léèrè pé, "Kí ló kan eré sísá nínú ìwé alájẹṣẹ́kù?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ yín tó ń sáré fún iléèwé rẹ̀, ó kan ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń jókòó ti ọjà láti ìdájí di alẹ́, ó sì kan owó ìpamọ́ ju bí ẹ ti rò lọ.

Ẹni tí a ó ti ara rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ni Arthur Lydiard. Ìlú Auckland ní ilẹ̀ New Zealand ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 6 oṣù July 1917. New Zealand wà láàrin òkun ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, ó kọjá Australia. Nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n níhìn-ín, òru ni lọ́dọ̀ wọn. Mo mọ̀ pé ẹ óò wí pé, "Ṣé kò sí ẹni tó sún mọ́ wa tí a lè fi kọ́ ẹ̀kọ́ ni?" Eré kúkúrú ni ti àwa. Ìtàn wa nínú ìyẹn kò sì kéré. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ló sá ọgọ́rùn-ún mítà tí a ń fo igi nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ní oṣù July 2022. Kò sí obìnrin kankan tó tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí kí ó tó ṣe é. Àwọn ọkùnrin wa mẹ́rin gba àmì-ẹ̀yẹ onídẹ nínú eré ìfigigbà ní Los Angeles lọ́dún 1984. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti gùn, a kì í gbúròó wa mọ́. Nígbà tí wọ́n dá eré Marathon ìlú Èkó sílẹ̀ ní oṣù February 2016, kìlómítà 42 àti díẹ̀, nínú ilé wa, lójú wa, ọmọ ilẹ̀ Kenya ló gba ipò kìíní.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbà pé àbínibí ni. Wọ́n ní òkè gíga ni àwọn ará Kenya ń gbé, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, pé ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò lè bá wọn dù ú. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìlú Iten, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn asáré Kenya, fi nǹkan bíi mítà 2,400 ga ju òkun lọ. Ó dáa. Auckland ńkọ́? Etí òkun ni, bí Èkó ti wà létí ọ̀sà. Síbẹ̀, láti àdúgbò kan ṣoṣo ní etí òkun yìí ni àwọn ọmọ mélòó kan ti jáde tí wọ́n sá eré tí gbogbo ayé fi lanu. Ìdí tí mo fi mú Lydiard nìyẹn.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀

Lydiard kì í ṣe dókítà, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bàtà ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí owó bàtà kò tó gbọ́ bùkátà ìyàwó àti ọmọ, ó fi iṣẹ́ mìíràn kún un: ó ń gbé mílíìkì kiri ojúlé lóru. Láyé ìgbà náà ní ilẹ̀ wọn, inú ìgò ni wọ́n ń rọ mílíìkì tútù sí, ẹnu ọ̀nà oníbàárà ni wọ́n sì ń gbé e sí kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàtà lọ́sàn-án, mílíìkì lóru, eré sísá láàrin méjèèjì. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnì kan bá tún sọ fún yín pé òun kò ráyè.

Nígbà èwe rẹ̀, rugby ló ń gbá, bọ́ọ̀lù alápẹrẹ ẹyin tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, èyí tí ilẹ̀ wọn fẹ́ràn ju ohun gbogbo lọ. Ó rò pé ara òun le dáadáa. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Jack Dolan, tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ní kí àwọn jọ sá máìlì 5. Ojú Lydiard rí tó ní ọjọ́ náà. Kí wọ́n tó dé ilé, èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àgbà tó mú un jáde sì ń sá lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìtìjú náà wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló jù: ó bi ara rẹ̀ léèrè pé bí òun bá ti rí báyìí nígbà tí òun kò tíì pé 30 ọdún, báwo ni òun yóò ti rí bí òun bá tún fi ogún ọdún dàgbà sí i?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nípa eré sísá. Àwọn ìwé náà kò bá ara wọn mu. Èyí ní kí ènìyàn máa sá díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí ní kí ó máa sá títí ojú yóò fi ṣókùnkùn. Lydiard ní kí òun fi ara òun wò ó. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, ara òun fúnra rẹ̀ ni oko ìdánwò. Ó sá díẹ̀, ó rí i pé kò tó. Ó sá púpọ̀ pẹ̀lú agbára, ó dá a dùbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan wà tó sá tó máìlì 250, èyí tó ju ìrìn àjò láti Èkó dé Ìlọrin lọ. Wèrè ni àwọn aládùúgbò pè é. Nínú gbogbo wàhálà náà ló ti rí i pé nǹkan bíi máìlì 100 lọ́sẹ̀, ní ìwọ̀n ìsáré tó dára ṣùgbọ́n tí kò ni ara, ni ara òun ń gbà tí ó sì ń gbèrú.

Ohun kejì tó rí ló wá ṣe pàtàkì jù, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí i. Nígbà tí ó bá ti fi oṣù púpọ̀ sá ọ̀nà jíjìn, tí ó wá padà sí eré kúkúrú orí pápá, eré kúkúrú náà ń yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tíì ṣe ìdánrawò eré kúkúrú kan dàbí alárà. Ìdájọ́ gbogbo ènìyàn nígbà náà ni pé ọ̀nà jíjìn a máa mú ẹsẹ̀ wúwo. Ara tirẹ̀ ń sọ nǹkan mìíràn fún un.

Òun náà jàǹfààní rẹ̀. Ní ìdíje àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣe ní Auckland lọ́dún 1950, ó ṣe ipò kẹtàlá nínú Marathon. Lọ́dún 1953 àti 1955 ó gba ipò kìíní ti gbogbo New Zealand, nígbà tí ó ti ń lọ sí ogójì ọdún.

ÀWỌN ỌMỌ ÀDÚGBÒ

Kò pe ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń rí i lójú títì ni wọ́n wá bá a: Lawrie King wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà Murray Halberg, Barry Magee, Bill Baillie, Peter Snell. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jìnnà sí ilé rẹ̀. Halberg ti ṣèṣe nínú rugby nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, apá òsì rẹ̀ sì rọ. Bí ó bá ń sáré, apá náà á rọ̀ mọ́ àyà rẹ̀. Ní ibòmíràn, wọn ì bá ti ní kí ó lọ jókòó.

Lydiard kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kò sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá kí ó máa fọn fèrè. Ó ń bá wọn sá ni. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, wọ́n á jáde lọ sí àwọn òkè Waitakere lẹ́yìn ìlú, máìlì 22, gígùn ọ̀nà àti pọ́nńlẹ̀ òkè. Snell, tó jẹ́ pé eré mítà 800 ni tirẹ̀, eré tí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, òun náà gbọ́dọ̀ sá máìlì 22 náà. Nígbà tó kọ́kọ́ sá a, omi ló bọ́ lójú rẹ̀. Bàtà tí àwọn kan nínú wọn ń wọ̀ sá eré, Lydiard fúnra rẹ̀ ló ṣe é.

Ní ọjọ́ 2 oṣù September 1960, ní Olympics ti ìlú Rome, iṣẹ́ náà jáde sí gbangba. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ọjọ́ náà tí Nàìjíríà wa gba òmìnira, nítorí náà àwọn àgbà ààrin yín lè fi mọ ìgbà. Snell dúró lórí ìlà eré mítà 800 pẹ̀lú Roger Moens ará Belgium, ẹni tí kò sí ẹni tó yá tó o láyé nínú eré náà. Moens rò pé òun ti gbà á, ó ń wo ẹ̀yìn ní apá ọ̀tún, Snell gba apá òsì kọjá. Wúrà. Kò tó wákàtí kan sí i, Halberg bọ́ sí eré mítà 5,000. Ìyípo pápá méjìlá àti ààbọ̀ ni. Nígbà tí ó ku ìyípo mẹ́ta, tí gbogbo àwọn yòókù ń ṣọ́ ara wọn, tí wọ́n ń pa agbára mọ́ de ìparí, Halberg já lọ. Bí òun àti Lydiard ti jọ sọ ọ́ nílé nìyẹn. Wọn kò lè lé e bá mọ́. Ó dé ibi okùn, ó ṣubú sórí koríko, okùn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wúrà kejì, láti ọwọ́ ọlọ́wọ́ kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, Magee ṣe ipò kẹta nínú Marathon. Ta ló ṣíwájú rẹ̀? Abebe Bikila, sọ́jà ilẹ̀ Ethiopia, tó sá a láìwọ bàtà, àti Rhadi ará Morocco. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni méjèèjì.

Ará ilé kan náà, àdúgbò kan náà, olùkọ́ kan náà tó ń gbé mílíìkì. Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló fún wọn jẹ.

ÌPAMỌ́ ÀTI GBÈSÈ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá ní alájẹṣẹ́kù. Ẹ mọ òfin wa: ẹni tí kò bá tíì fi owó pamọ́ kò lè yá owó, iye tí ènìyàn lè yá sì ń tẹ̀lé iye tó wà nínú káàdì rẹ̀. Ara ènìyàn náà ní àpò méjì bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ń rìn tàbí tí ẹ ń sáré jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí sínú tó fún ara láti fi sun oúnjẹ tí ẹ jẹ, bí afẹ́fẹ́ ti ń mú iná ẹyín jó. Ẹ lè máa lọ fún wákàtí kan, méjì, kí ẹ sì máa bá ẹnì kejì yín sọ̀rọ̀. Owó ọwọ́ lẹ ń ná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ki eré mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èémí kò tó mọ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Agbára á jáde lóòótọ́, àmọ́ kì í pẹ́: ẹsẹ̀ á wúwo, àyà á máa gbóná, ẹ ó sì dúró mí hẹlẹhẹlẹ láti san ohun tí ẹ yá padà. Èmi kọ́ ni mo fún un lórúkọ o. A. V. Hill, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1922, ni òun fúnra rẹ̀ pè é ní gbèsè. Àwọn onímọ̀ òde òní ti tún ìṣirò rẹ̀ ṣe díẹ̀. Wọ́n ní lactate tó ń jáde nígbà náà kì í ṣe pàǹtí lásán bí a ti rò tẹ́lẹ̀, pé ara tún ń lò ó bí oúnjẹ. Síbẹ̀, ẹni tó bá yá a yóò dẹ eré.

Ohun tí Lydiard fi ara rẹ̀ rí ni pé iye tí ènìyàn lè yá kò pọ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìdánrawò fi lè mú un dé òpin rẹ̀. Ìpamọ́ ni kò ní òpin bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń sá ọ̀nà jíjìn jẹ́jẹ́ fún oṣù àti ọdún, ọkàn rẹ̀ á tóbi sí i, á sì máa tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó bá lù. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú iṣan ẹsẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Eré tó jẹ́ pé gbèsè ló fi ń sá a lọ́dún tó kọjá, owó ọwọ́ ni yóò fi sá a lọ́dún yìí. Kódà nínú eré mítà 800, wọ́n ti wá wọ̀n ọ́n lóde òní, agbára tó ti inú afẹ́fẹ́ wá ju ìdajì lọ. Òye èyí ni kò yé àwọn tó ń fi Lydiard ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń fi Marathon kọ́ asáré kúkúrú.

Ẹ wo Snell. Ní oṣù December 1961 ó sá odindi Marathon. Kò pé oṣù méjì, ní ọjọ́ 27 January 1962, ó sá máìlì kan ní ìlú Wanganui ní ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 54.4, kò sí ẹni tó tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní Christchurch, ó sá mítà 800 ní ìṣẹ́jú 1 àti àáyá 44.3, ìyẹn náà ju ti gbogbo ayé lọ. Orí koríko ló ti sá méjèèjì, irú pápá tí àwọn ọmọ wa ń sá lórí rẹ̀ níléèwé. Ní Tokyo lọ́dún 1964, wúrà méjì. Lẹ́yìn tó fi eré sílẹ̀, Snell lọ kàwé di dókítà ìmọ̀ nípa iṣẹ́ ara lọ́dún 1982, ó sì wá ìdí ohun tí olùkọ́ rẹ̀ ti mú un ṣe. Ó ṣàlàyé pé iṣan méjì ló wà lẹ́sẹ̀, èyí tó lọ́ra tí kì í tètè rẹ̀, àti èyí tó yá. Nígbà tí ènìyàn bá sá jìnnà gan-an, oúnjẹ inú iṣan tó lọ́ra á tán, iṣan tó yá á sì jáde wá ràn án lọ́wọ́, bí àwọn tó kù sílé ṣe ń jáde lọ sóko nígbà tí ó bá ti rẹ àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìsáré jẹ́jẹ́ ṣe ń kọ́ iṣan eré kúkúrú náà níṣẹ́. Snell kú ní oṣù December 2019 ní Dallas.

Lydiard pín ọdún sí ìgbà, ó sì ń kà á sẹ́yìn láti ọjọ́ ìdíje, bí oníṣòwò ṣe ń ka oṣù sẹ́yìn láti ọjọ́ Iléyá kó tó mọ ìgbà tí òun yóò ra àgbò. Ìgbà ìpamọ́ ló gùn jù, oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọ̀nà jíjìn nìkan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orí òkè: wọ́n á máa fò gun òkè bí ẹtu, láti fi mú ẹsẹ̀ le, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìgbà náà ni wọn yóò tó wá dé orí pápá láti kọ́ bí a ti ń yá gbèsè tí a sì ń san án, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn. Lẹ́yìn náà ni eré kéékèèké láti fi pọ́n ọn bí ọ̀bẹ. Bí ọjọ́ ìdíje bá wá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á dẹwọ́, wọ́n á sinmi.

Ìsinmi yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í gbà. Ó ń ká wọn lára pé ọmọ jókòó. Wọ́n á jẹ́ kí ó sá ìdíje tán nínú ìdánrawò, ọjọ́ tí èrò bá wá pé, kò sí nǹkan kan nínú àpò mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí Lydiard ń tẹnu mọ́ fún wọn ni pé kí wọ́n kọ́ ara, kí wọ́n má ni í lára. Òṣùwọ̀n rẹ̀ rọrùn: bí ẹ kò bá lè bá ara yín sọ̀rọ̀ lẹ́nu eré ìpamọ́, ẹ ti sá jù.

ÀLÉÉBÙ RẸ̀

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé áńgẹ́lì ni mo ń ròyìn. Ẹnu Lydiard mú. Òun àti àwọn aláṣẹ eré ìdárayá ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbọ́ra wọn yé, iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n fún un kò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ bí ó ti yẹ. Nígbà kan, ilé iṣẹ́ sìgá ló gbà á síṣẹ́ láti máa kọ́ àwọn ènìyàn ní eré sísá. Ẹ bá mi wo ayé!

Èyí tó burú jù ni pé àwọn ènìyàn gba iye lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò gba ọgbọ́n. Wọ́n gbọ́ "máìlì 100", wọ́n kó ọmọ jáde, wọ́n sá máìlì 100, eegun ọmọ sán. Máìlì 100 tí Lydiard sọ, ọdún púpọ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi gun òkè rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìpamọ́ kì í fi owó oṣù kan ra ilẹ̀. Nípa ti ọmọdé, òun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n máa sáré bí ẹni ń ṣeré, ọ̀nà jíjìn jẹ́jẹ́ kò pa wọ́n lára, eré àṣekúdórógbó lórí pápá ni kí wọ́n yẹra fún.

BÓ ṢE TÀN KÁLẸ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn oníṣòwò kan ní Auckland, àwọn tó ti sanra, tí ọkàn àwọn kan nínú wọn ti ń ṣàìsàn, wá bá Lydiard. Láyé ìgbà náà, ohun tí dókítà ń sọ fún ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu ni pé kí ó lọ dùbúlẹ̀. Lydiard ní kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa sá jẹ́jẹ́ láàrin ìrìn, kí wọ́n má bá ara wọn díje. Wọ́n di ẹgbẹ́. Olùkọ́ eré kan láti Oregon ní Amẹ́ríkà, Bill Bowerman, wá bẹ wọ́n wò, ó bá wọn jáde, bàbá arúgbó kan tó ti ju ẹni 70 ọdún lọ, tí ọkàn rẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀ rí, ló sì ń dúró dè é lójú ọ̀nà. Bowerman padà sílé, ó dín sísanra rẹ̀ kù, òun àti dókítà ọkàn kan kọ ìwé lórí rẹ̀, ìsáré jẹ́jẹ́ sì gba Amẹ́ríkà kan. Bowerman yìí kan náà wà lára àwọn méjì tó dá ilé iṣẹ́ bàtà Nike sílẹ̀. Àwa oníṣòwò á ti rí ibi tí èrè wà.

Finland pe Lydiard lọ́dún 1967. Ilẹ̀ náà ti lókìkí nínú eré sísá rí, òkìkí náà sì ti rọ. Ó kọ́ àwọn olùkọ́ wọn. Ní Munich lọ́dún 1972, Lasse Virén gba wúrà méjì, Pekka Vasala gba ọ̀kan. Ẹnu ìrìn àjò ìkọ́ni ni Lydiard wà ní Texas tó fi kú ní ọjọ́ 11 oṣù December 2004, ẹni ọdún 87.

Ní Áfíríkà níhìn-ín, ẹ gbọ́ ti Colm O'Connell, ọmọ ìjọ Àgùdà láti ilẹ̀ Ireland, tó dé iléèwé St. Patrick's ní Iten lọ́dún 1976 láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé. Oṣù mẹ́ta ló fẹ́ lò. Kò mọ nǹkan kan nípa kíkọ́ni ní eré sísá; ó ń wo àwọn ọmọ, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ara wọn. Peter Rono láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ gba wúrà ní Seoul lọ́dún 1988. David Rudisha sá mítà 800 ní London lọ́dún 2012 ní ìṣẹ́jú 1 àti àáyá 40.91, ó sì borí gbogbo ayé. Nítorí náà òkè Kenya pẹ̀lú nílò ẹni tó ní sùúrù.

ÀWA ŃKỌ́?

Àwọn baba wa tó gbé kókó àti ekùrọ́ lórí wá sí ibùdó rélùwéè ní Ìdógò yìí, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń ti Ìfọ̀ gba Ìlaròó wá parí síhìn-ín, ní ìpamọ́ tó pọ̀ lẹ́sẹ̀ láìmọ̀. Ọ̀kadà ló ń gbé àwa lọ sí ọjà tí kò ju ibi tí a lè nawọ́ sí lọ. A jókòó tì í, a jẹun tì í, a gun ọ̀kadà padà. Ìfúnpá ń ga, àtọ̀gbẹ ń wọlé, a sì ń pe orúkọ ẹlòmíràn sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, pàápàá bí ó bá ti lé ní 40 ọdún. Lẹ́yìn náà kí ó máa rìn kánmọ́kánmọ́, ìdajì wákàtí, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, fún oṣù kan, kí ó tó sá ìṣísẹ̀ kan. Oṣù kejì, kí ó máa sá láti òpó iná kan dé èkejì, kí ó rìn dé ẹ̀kẹta. Àárọ̀ kùtù ló dára, kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ kì í ríran dáadáa lákòókò yẹn, nítorí náà ẹ wọ aṣọ funfun, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ọ̀nà oko sì sàn ju títì ọlọ́dà lọ. Bí ọyẹ́ bá mú tí eruku pọ̀, ìrìn ti tó. Bí àyà bá ń dun yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà.

Nípa ti àwọn ọmọ, gbogbo wa la mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí iléèwé ṣe ìdíje, wọ́n á kó àwọn ọmọ jáde ní ọ̀sán gangan, eré àsápajúdé lójoojúmọ́. Ọjọ́ ìdíje, ọmọ dá kú sí ibi ìyípo kejì, ìyá rẹ̀ ń sáré gbé omi. Gbèsè láìsí ìpamọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin òbí tó wà nínú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ bá àwọn olùkọ́ sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ìsáré jẹ́jẹ́ ní ọ̀nà oko, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí àwọn ọmọ máa tàkúrọ̀sọ lẹ́nu rẹ̀, kí ó sì ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó kọ́ eré líle. Ẹ má sì tìtorí pé ọmọbìnrin ni kí ẹ pè é kúrò lẹ́nu eré wá kiri ọjà. Lydia Cheromei ará Kenya kò ju ọmọ ọdún 13 lọ nígbà tí ó borí àwọn ọmọbìnrin gbogbo ayé nínú eré orí pápá oko lọ́dún 1991.

Àwọn tó ń ta bàtà ní ọjà ti ń béèrè lọ́wọ́ mi èwo ló yẹ kí wọ́n kó wá. Èyí tó fúyẹ́, tó ṣeé tẹ̀ kọ́rọ́ lọ́wọ́ láti ìdajì rẹ̀ síwájú, tí àyè ìka kan sì wà níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá dúró nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà wọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ó rìn nínú rẹ̀ kí ó tó sanwó. Òkìrìkà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó ti wù kó mọ́ lójú tó, ẹ má tà á fún ọmọ tó ń sáré.